Adéṣẹwà Ògúndé: Òṣèrébìnrin àti Orúkọ Tí Ó Ń Jẹ́

Nígbà tí ẹgbẹ́ eléré alárìnkiri bá wọ ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá láyé ìjọ́un, kì í ṣe gbọ̀ngàn tí wọn yóò ti ṣeré ní alẹ́ ni ọkọ̀ wọn kọ́kọ́ máa ń kọrí sí. Ọjà ni. Ní Adó-Èkìtì, kò sí ibi tí ó yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó Ọjà Ọba, nítòsí ààfin Èwí, nítorí pé ohun tí a bá polówó níbẹ̀ ní òwúrọ̀ yóò ti dé Ìkéré, Ìyìn àti Ìgèdè kí ilẹ̀ tó ṣú, lẹ́nu àwọn tí ó wá ra iṣu àti àwọn tí ó wá ta aṣọ. Ẹnì kan yóò gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, onílù yóò máa lù, àwọn ọmọdé yóò máa sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń fa ojú àwọn obìnrin ọlọ́jà mọ́ra jù ni àwọn obìnrin inú ọkọ̀ náà, tí wọ́n wọ aṣọ kan náà, tí wọ́n tọ́jú ojú, tí wọ́n ń kọrin láàárín èrò láìtijú. Bí ẹnu kan bá ti ń yìn wọ́n pé wọ́n lẹ́wà, ẹnu mìíràn yóò ti máa béèrè pé: "Ọmọ ta ni wọ́n? Ilé ọkọ ta ni wọ́n wà?"

Ìbéèrè yìí ni ìjíròrò yìí dá lé. Ìbéèrè ilé ọkọ kì í ṣe ti òfófó nìkan. Òun ni ó pinnu irú ayé tí òṣèrébìnrin Yorùbá àkọ́kọ́ gbé, irú aṣọ tí ó wọ̀, irú orúkọ tí ó jẹ́, àti bí ìtàn ṣe rántí rẹ̀ tàbí bí ó ṣe gbàgbé rẹ̀. Ẹni tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Clementina Ògúntìmírìn, ẹni tí gbogbo ayé padà wá mọ̀ sí Adéṣẹwà Ògúndé, tí àwọn òǹwòran sì ń pè ní Mama Èkó.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òkè òkun. Nígbà tí a bá dárúkọ òṣèrébìnrin, Hollywood ni ọkàn ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sáré lọ, ní ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí ọdún 1920 títí dé 1950, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ń ṣe fíìmù níbẹ̀ máa ń fi ìwé àdéhùn ọdún méje de òṣèré mọ́lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ni ó ń yan eré tí yóò ṣe, òun ni ó ń yan aṣọ àti irun rẹ̀, òun ni ó ń sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn ohun tí wọn yóò kọ nípa rẹ̀. Bí orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ ọ́ kò bá dùn létí, ilé-iṣẹ́ a pa á rẹ́. Ọmọbìnrin kan wà tí ń jẹ́ Lucille LeSueur. Ní ọdún 1925, ìwé ìròyìn kan ní kí àwọn òǹkàwé wá bá a wá orúkọ tuntun, bí ẹni ń dá ìdíje sílẹ̀ fún orúkọ ọmọ ajá, ó sì di Joan Crawford. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1946, Norma Jeane tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Twentieth Century-Fox, wọ́n sì yí i padà sí Marilyn Monroe. Àwòrán obìnrin yìí wà lára ògiri títí di òní ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí eré rẹ̀ kan ṣoṣo.

Oṣù márùn-ún ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1946, Hubert Ògúndé gbé eré kan jáde tí ó pè ní Tiger's Empire, tí ó fi bú ìjọba amúnisìn. Lára àwọn tí ó kópa níbẹ̀ ni Beatrice Oyede àti Àbíkẹ́ Táíwò. Ohun tí ó sọ ọjọ́ náà di mánigbàgbé nínú ìtàn tíátà Yorùbá ni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a kọ orúkọ obìnrin sínú ìpolówó eré gẹ́gẹ́ bí òṣèré tí a ń sanwó fún, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì dá dúró fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe pé obìnrin kò kọrin rí. Àwọn obìnrin ni ó ni ẹkún ìyàwó, àwọn ni ó ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ oríkì, àwọn ni ó sì ń gbe orin fún eégún aláré nígbà tí ó bá ń pidán. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀kú, ọkùnrin ni. Bí eégún aláré bá fẹ́ fi ìyàwó aláṣejù ṣe yẹ̀yẹ́, ọkùnrin ni yóò di gèlè, tí yóò sì so ọmú igi mọ́ àyà. Èyí kò jẹ́ tiwa nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di ọdún 1660, àwọn ọmọdékùnrin ni ó ń ṣe obìnrin lórí ìtàgé. Ní orílẹ̀-èdè Ghana pẹ̀lú, ọkùnrin ni ó pẹ́ tí ó ń wọ aṣọ obìnrin nínú eré alárìnkiri ti wọn. Nígbà tí ìjọ Aládùúrà gbé iṣẹ́ fún Ògúndé, tí ó sì fi Ọgbà Édẹ́nì han ará Èkó ní gbọ̀ngàn Glover ní oṣù kẹfà ọdún 1944, kò sí ẹni tí ó bínú pé obìnrin wà láàárín wọn, nítorí pé ti Ọlọ́run ni wọ́n ń ṣe. Owó ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Kí obìnrin kọrin nínú ìjọ, ìyìn ni. Kí ó gba owó lórí rẹ̀ níwájú ọkùnrin tí kò mọ̀ rí, àwọn òbí kò rí ìyàtọ̀ láàárín èyí àti iṣẹ́ aṣẹ́wó.

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ẹgbẹ́ náà ti sọ, nígbà tí Ògúndé polówó pé òun ń wá òṣèrébìnrin, kò rí ẹni jẹ́ ẹ. Ó yí ìpolówó náà padà pé akọ̀wé obìnrin ni òun ń wá. Àwọn ọmọbìnrin tí ó ti kàwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà fi ohun kan hàn wá: kì í ṣe pé obìnrin kò fẹ́ ṣiṣẹ́ oṣù, orúkọ iṣẹ́ náà ni wọ́n ń sá fún. Nígbà tí àṣírí tú, àwọn òbí àti àfẹ́sọ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ti lo oṣù púpọ̀ láti kọ́ orin àti ijó yóò kàn pòórá ní ọjọ́ tí eré ku ọ̀la.

Àárín ìṣòro yìí ni Clementina Ògúntìmírìn ti wọlé. Òun ni a máa ń kà sí aṣíwájú láàárín àwọn òṣèrébìnrin Nàìjíríà tí ó fi eré ṣe iṣẹ́ jẹ. Ní ọdún 1947, òun àti Ògúndé rìnrìn-àjò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ń wá ibi tí ẹgbẹ́ náà ti lè ṣeré níbẹ̀, èyí kò sì bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n wọn kò padà lọ́wọ́ òfo: wọ́n kọ́ ijó waltz, wọ́n sì kọ́ ijó tí a fi irin sí abẹ́ bàtà jó, tí ẹsẹ̀ fi ń dún bí ìlù. Ẹ ronú wo ọmọbìnrin Yorùbá kan ní ọdún 1947, nígbà tí ogun Hitler ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń fi káàdì ra oúnjẹ, tí ó wà nínú òtútù tí ó ń kọ́ bí a ti ń fi ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀. Ijó wọ̀nyí wà nínú fíìmù Hollywood tí àwọn ará Èkó ń rí ní ilé sinimá. Ohun tí Adéṣẹwà ṣe ni pé ó gbé e kúrò lára aṣọ funfun tí a fi ń wo fíìmù, ó gbé e wá sí orí pákó ìtàgé tiwa.

Ó fẹ́ Ògúndé, Clementina sì di Adéṣẹwà. Ẹ wò ó bí ìtàn méjèèjì ti jọ ara wọn, tí wọ́n sì yàtọ̀. Ní Hollywood, orúkọ tuntun gé obìnrin kúrò lára ìdílé rẹ̀. Ní Èkó, orúkọ tuntun so ó mọ́ ìdílé. Orúkọ ìrìbọmi lọ, orúkọ Yorùbá wọlé, èyí tí ó bá ẹ̀mí ìgbà náà mu, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀ nítorí ìjà òmìnira. Ṣùgbọ́n orúkọ bàbá rẹ̀ náà lọ, ti ọkọ sì rọ́pò rẹ̀, ọkọ tí orúkọ rẹ̀ wà lára ọkọ̀, lára ìwé ìpolówó àti lára tíkẹ́ẹ̀tì.

Adéṣẹwà nìkan kọ́ ni Ògúndé fẹ́ nínú ẹgbẹ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ìyàwó òun ni wọ́n. Láti ìgbà náà, ìbéèrè Ọjà Ọba ti ní ìdáhùn: ilé Ògúndé ni wọ́n wà. Òbí kò lè fa ìyàwó ẹlòmíràn jáde, àfẹ́sọ́nà kò sí mọ́, àwọn elétè kò rí ohun sọ. Ìgbéyàwó di ìwé àdéhùn. Àwọn olórí ẹgbẹ́ mìíràn sì tẹ̀lé ọ̀nà yìí.

Àwọn kan rí èyí gẹ́gẹ́ bí ààbò, òótọ́ sì wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Láìsí i, ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin máa so ọmú igi títí di ọdún 1970. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn tí ó jẹ́ ìgbéyàwó ní ohun tí kò ní. Ní ọdún 1943, òṣèrébìnrin Olivia de Havilland gbé ilé-iṣẹ́ Warner lọ sí ilé-ẹjọ́ nítorí pé wọ́n ń fi ọgbọ́n fa ọdún méje rẹ̀ gùn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1944 ilé-ẹjọ́ kọ̀tún-ẹjọ́-gbọ́ dá a láre, gbogbo òṣèré Hollywood sì jẹ nínú èrè ìdájọ́ náà. Òṣèrébìnrin Yorùbá kò lè pe olórí ẹgbẹ́ lẹ́jọ́ nítorí owó oṣù, nítorí pé olórí ẹgbẹ́ ni ọkọ rẹ̀, owó ẹgbẹ́ ni owó oúnjẹ ilé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ni orogún rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá sú u, ilé ni ó ń kọ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ náà kò sì mọ sí orí ìtàgé. Nínú àwọn ẹgbẹ́ alárìnkiri, ìyàwó ọ̀gá ni a sábà ń rí nídìí tíkẹ́ẹ̀tì, òun ni yóò rán aṣọ eré, òun ni yóò ṣètò oúnjẹ àwọn òṣèré, tí yóò sì pọn ọmọ sẹ́yìn títí di ìgbà tí ó bá kàn án láti bọ́ síwájú iná.

A kò gbọdọ̀ torí èyí rò pé ẹni tí a ń fi ṣẹ̀sín ni. Ọ̀ṣọ́ Adéṣẹwà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ohun tí ènìyàn ń rìn jìnnà wá wò. Gbogbo eré Ògúndé ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin àti ijó àkọ́ṣe, tí àwọn obìnrin yóò tò jáde nínú aṣọ kan náà, kí ìtàn gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Fèrè sasofóònù wà níbẹ̀, dùùrù wà níbẹ̀, ìlù ìbílẹ̀ wà níbẹ̀. Ní àsìkò yìí, ìyàwó ilé tí ó wá láti ọjà tí kò mọ A yàtọ̀ sí B yóò rí obìnrin bíi tirẹ̀, tí ó ń sọ èdè tirẹ̀, nínú ọ̀ṣọ́ tí ó rò pé ti obìnrin inú fíìmù nìkan ni. Àwọn aláríwísí kan bínú sí sasofóònù àti ijó bàtà onírin yìí, wọ́n ní ó ń ba àṣà jẹ́. Ó dàbí ẹni pé àwọn òǹwòran kò gbọ́, nítorí wọ́n ń sanwó wọlé. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ìwé Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ eré jáde ní àwòrán, ẹni tí kò lè lọ sí gbọ̀ngàn lè ra ojú àwọn òṣèré ní ọjà, kí ó sì gbé wọn lọ sílé.

Ojú tí ó lẹ́wà yìí kò sì bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ògúndé fi eré sọ̀rọ̀ nípa ìdaṣẹ́sílẹ̀ ọdún 1945 nínú Strike and Hunger, àwọn aláṣẹ ìlú Jos sì dá a lẹ́kun, wọ́n bu owó ìtanràn lé e. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà 21 ní Enugu ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, ó ṣe Bread and Bullet, èyí tí wọ́n fòfin dè ní Kano. Ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀. Bí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ náà dúró, àwọn obìnrin wà nínú rẹ̀.

Èyí tí ó kan Adó-Èkìtì gbọ̀ngbọ̀n ni ti Yorùbá Ronú. Ní ọdún 1964, nígbà tí ìjà ti pín ìjọba Ìwọ̀-oòrùn sí méjì, Ògúndé ṣe eré náà, inú bí ìjọba Akíntọ́lá, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé ní gbogbo ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn. Fún nǹkan bí ọdún méjì, kò sí ibì kankan láti Abẹ́òkúta títí dé Èkìtì tí ẹgbẹ́ náà ti lè ṣeré. Fún ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ pé èdè Yorùbá ni ó fi ń jẹun, ìyàn ni. Èkó ṣì ṣí sílẹ̀ nítorí pé ti ìjọba àpapọ̀ ni, ẹgbẹ́ náà sì ń bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ilé tí ìyàwó àti ọmọ ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì mọ̀ ọ́n lára. Oṣù kejì ọdún 1966 ni a mú òfin náà kúrò, lábẹ́ ìjọba ológun tí Francis Adékúnlé Fájuyì jẹ́ gómìnà rẹ̀. Ọmọ Adó-Èkìtì ni Fájuyì. Ó kú ní oṣù keje ọdún náà gan-an, nígbà tí àwọn sójà wá mú Aguiyi-Ironsi tí ó jẹ́ àlejò rẹ̀ ní Ìbàdàn, a sì sin ín sí Adó. Ìtàn ikú rẹ̀ ni gbogbo ọmọ iléèwé mọ̀. Pé ìjọba rẹ̀ ni ó tún ṣí ìtàgé fún Ògúndé àti àwọn aya rẹ̀, díẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1967, ẹgbẹ́ náà ṣojú Nàìjíríà níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Montreal ní Kánádà, wọ́n sì dé gbọ̀ngàn Apollo ní Harlem, ní New York, láàárín àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà. Ó yẹ kí a ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ní Amẹ́ríkà náà, Hattie McDaniel gba ẹ̀bùn Oscar ní oṣù kejì ọdún 1940 fún ipa ìránṣẹ́bìnrin, òun sì ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Ṣùgbọ́n tábìlì ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi í jókòó sí ní alẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pé òtẹ́ẹ̀lì náà kì í gba ènìyàn dúdú. Dorothy Dandridge ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí a yàn mọ́ àwọn tí ó ń du ẹ̀bùn òṣèrébìnrin tó ta yọ jù lọ, fún Carmen Jones ti ọdún 1954. Kò gbà á, ó sì kú ní ọdún 1965, kò tíì pé ọmọ ọdún 43. Ipa ìránṣẹ́ ni Hollywood máa ń fún ẹni dúdú. Àwọn obìnrin tí ó wá láti Èkó sì dúró níwájú àwọn ará Harlem gẹ́gẹ́ bí ìran tí ó ní ọba, tí ó ní ìtàn. Ìyẹn ni ohun tí ìwé àdéhùn ti ilé ọkọ fún wọn, tí ìwé àdéhùn ọdún méje kò fún Dandridge.

Àwọn mìíràn rìn ní ọ̀nà náà. Abíọ́dún Dúró-Ládípọ̀ ni Ọya nínú Ọba Kò So, tí wọ́n gbé dé Berlin ní ọdún 1964. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún 1978, òun ni kò jẹ́ kí eré náà kú. Grace Oyin-Adéjọbí, tí a mọ̀ sí Ìyá Òṣogbo, fi ẹ̀rín àti ahọ́n mímú wọ ilé gbogbo ènìyàn láti inú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ kíyè sí i pé àwọn méjèèjì ni orúkọ ọkọ wà lára orúkọ wọn.

Ní ọdún 1970, Adéṣẹwà kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀, nígbà tí ó ń lọ sí Iléṣà láti lọ ṣeré. Iṣẹ́ ni ó ń lọ, kì í ṣe ìgbafẹ́. Ìbànújẹ́ náà tóbi, ó sì mi ẹgbẹ́ náà títí dé ìpìlẹ̀. Ní ọdún 1979 ni Ògúndé tó gbé fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, Ayé, jáde. Jáyésinmi tẹ̀lé e ní ọdún 1980, Àròpin N'Tènìyàn ní ọdún 1982, Àyànmọ́ ní ọdún 1988. Èrò tò fún wọn ní gbogbo ìlú, ojú àwọn aya rẹ̀ tí ó kù sì wà nínú wọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ̀rọ ayàwòrán fi pẹ́ jù fún Mama Èkó. A ṣì lè rí Dandridge lónìí bí ó ti ń rìn wọlé nínú aṣọ pupa, bí ẹni pé àná ni. Ìrìn ẹsẹ̀ Adéṣẹwà, èyí tí ó lọ kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, ti wà lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà tí ó rí i, wọ́n sì ń dín kù.